Àwa márùn-ún fẹ́ dáwó ra ìdì òkìríkà kan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bẹ̀rẹ̀-kí-o-mú:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Sátidé tí mi ò bá ti ní òde, ọjà Katangowa ni kí ẹ wá mi sí, lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá. Olùkọ́ ni mí, owó oṣù mi ò gbé ṣọ́ọ̀bù ńláńlá. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí wọ́n bá sọ owó oṣù mi di ìlọ́po méjì lọ́la, òkìríkà náà ni n ó ṣì máa rà. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ òkìtì aṣọ rí, tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé sílíìkì nìyí kí ojú rẹ̀ tó rí i, mọ ohun tí mò ń wí.

Ìdí òkìtì yẹn náà ni mo ti pàdé àwọn èèyàn mi. Ti àkọ́kọ́, gáùn ló dà wá pọ̀. Gáùn aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì funfun wẹ́wẹ́ bí ẹyin alángbá látọrùn dé ìbàdí, ẹyọ kan ti já. Mo di apá ọ̀tún mú, obìnrin kan di apá òsì mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọlọ́jà ní, "Ẹ fà á ya, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ san án o." Ni obìnrin náà bá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kò tiẹ̀ lè wọlé sí mi nídìí. Ẹ máa mú un." 1,200 náírà ni mo rà á. Ní Sátidé kejì, mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Aláṣọ ewé!" Òun ni. Nọ́ọ̀sì ni.

A ti di márùn-ún báyìí: èmi, nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ìyàwó pásítọ̀ kan tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún ìjọ òun, àti Màmá wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí ẹnì kan bá rí ohun tó bá ẹlòmíì mu, á nà án sókè, á pariwo orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló bá mi rí bàtà tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Bí a bá rà tán, a ó jókòó ti alẹ́wà aganyin, a ó tú láílọ́ọ̀nù wa, oníkálukú á máa fi tiẹ̀ yangàn.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ní ká dáwó ra odidi ìdì kan, ká gbé e lọ sí pálọ̀ Màmá, ká tú u síbẹ̀. Ìdì gáùn àti búláòsì tí a béèrè, 280,000 náírà ni wọ́n pè é. 56,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìdì tó dáa? Báwo la ó ṣe pín in tí kò ní dìjà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Aswani:

Ọmọ mi, àwọn ìbejì mi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ ní Aswani ní ọjọọjọ́ Túsìdeè. Wọ́n ti sin ilẹ̀ baba wọn tán báyìí, èkejì ti níyàwó. Nítorí náà, gbọ́ tẹnu mi.

Ìdì kì í ṣe òkìtì. Nídìí òkìtì, èyí tó wù ẹ́ lò ń sanwó rẹ̀. Tó o bá ra ìdì, o ti ra èyí tó wù ẹ́, o ra èyí tí kò wù ẹ́, o sì tún ra èyí tí òyìnbó tó rán an gan-an ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Mo tú ìdì gáùn kan rí, mo bá kóòtù ìgbà òtútù mọ́kànlá níbẹ̀, ó nípọn bí tìmùtìmù. Ní Èkó! Ọlọ́kadà ló bá mi ra méjì tó ń wọ̀ ní ìdájí.

Kílò la ń rà, a kì í ra iye aṣọ. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, kílò 55 ni. Bí búláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, ó lè ju igba ẹyọ lọ. Bí kóòtù bá lọ wà níbẹ̀, o parí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo okùn tí wọ́n fi dè é yí po. Bí ibì kan bá dẹ̀, tàbí tí òwú tí wọ́n fi rán ẹnu àpò bá yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀, wọ́n ti tú u, wọ́n ti ṣa ẹran inú rẹ̀, eegun ni wọ́n tún dì fún yín. Ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Bí ẹ bá sì ti já okùn, kò sí dídá padà. Ẹkún tàbí ẹ̀rín, tiyín ni.

Wọn-ò-lè-tàn-mí:

Aṣọ òkú òyìnbó lẹ ń dáwó rà. Ẹ máa kó ẹ̀mí àìrí wọ pálọ̀ màmá onímàmá.

Ìyá Ìbejì, Aswani:

Àwọn ará Gánà ló ń pè é ní obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ìwọ wá gbé e lé orí. Tòkúnbọ̀ tí ò ń wà, ṣé o ti béèrè bóyá òyìnbó tó wà á ṣáájú ẹ ṣì ń mí?

Pátá àti kọ́mú nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹn, èmi àti ìwọ jọ gbà.

Aránṣọ Mushin:

Màmá Ìbejì, ẹ ò ní pa wá lẹ́rìn-ín!

Èmi ti pín ìdì rí, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta. A kọ́kọ́ tò ó sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó pé, èyí tó ń fẹ́ abẹ́rẹ́, èyí tí a ó fi máa nulẹ̀. A kọ nọ́ńbà sí bébà, a ká a, oníkálukú mú. Ẹni kìíní mú aṣọ kan, ó lọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin, ẹni kẹrin tún mú òmíràn, a wá ń bọ̀ sẹ́yìn. Kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan náà ni yóò máa ṣáájú ní gbogbo ìgbà.

Ó ń lọ wẹ́rẹ́ títí a fi dórí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan. Ẹni tó kàn mú un. Èkejì fò dìde, ó ní òun ti rí i látìgbà tí a ti ń tú u, òun ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi kí ara wọn. Jákẹ́ẹ̀tì náà ò sì bá ìkankan nínú wọn mu, àbúrò mi ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ yáa ṣòfin kí ẹ tó já okùn: kéèyàn rí i kò sọ ọ́ di tiẹ̀.

Ẹ máa wo abẹ́ apá, ẹ wo ibi tí itan ti ń ha ara wọn, ẹ nà án sí oòrùn kí ẹ rí ihò. Ní ti ṣòkòtò tí ẹ ò ríbi wọ̀ wò lọ́jà, ẹ pa ìbàdí rẹ̀ dé, ẹ fi yí ọrùn ká. Bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, á ṣe é wọ̀. Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀gá mi máa fi ọrùn wọn ìdí.

Ará Kútọnu:

Mo kí yín láti Kútọnu o. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Bí ẹnikẹ́ni bá tàn yín pé ìdì pọ̀ ní ọjà Missèbo lọ́dọ̀ wa níbí, pé kí ẹ wá rà á, kí ẹ fi mọ́tò gbé e gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Aṣọ àlòkù wà lára ẹrù tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ wọlé. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń dé Katangowa, mi ò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tíṣà àti ìyàwó pásítọ̀? Fàyàwọ́ kọ́ niṣẹ́ yín.

Ọmọ Èkó ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ti jẹ́ kí àárò ilé sọ mí. Bẹ́ńdáùn etí réluwéè Yábàá ni mo fi ṣe yunifásítì.

Níbí, tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé, Sọ́ńdè ni mo máa ń lọ sí car boot, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ilé tà lẹ́yìn mọ́tò. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí n ó fi débẹ̀, tèmi ti tọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà òyìnbó kan ń bá mi tọ́jú bọ́tìnnì àtijọ́ sínú agolo bisikíìtì. A ò mọ orúkọ ara wa. "My button girl" ló ń pè mí, èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta.

Aṣọ tí ẹ ń rí nínú ìdì yẹn, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kó o lọ fún charity shop, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á láti fi owó rẹ̀ ṣàánú. Èyí tí kò bá tà, wọ́n á tà á ní kílò fún àwọn tó ń ṣà á, àwọn yẹn á pín in ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, wọ́n á dì í, ó di ojú òkun. Ohun rere máa ń bọ́ mọ́ wọn lójú, mo mọ̀. Síbẹ̀, èmi ò ní ra ìdì o. Bí mo bá ní ogójì gáùn nílé lójọ́ kan ṣoṣo, kí ni mo tún fẹ́ máa jí ní ìdájí Sọ́ńdè lọ wá?

Bẹ̀rẹ̀-kí-o-mú:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku ohun kan tí mi ò sọ, nítorí mo rò pé Màmá lè kà á. Orúnkún ń dùn wọ́n. Ní Sátidé kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ, wọn ò lè dìde mọ́, àwa méjì la fà wọ́n sókè. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ṣebí aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn, àwọn kúnlẹ̀ kí i ni. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá. Wọ́n ní ká máa lọ. Ìdí tí ọmọ yẹn fi mẹ́nu ba pálọ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Aswani:

Ẹ wò ó bó ṣe gbé kókó pamọ́! Ìdì kọ́ lẹ ń wá nígbà náà. Ẹ bá oníbàárà yín sọ ọ́. Láàárọ̀ tó bá tú ìdì, kó ṣa bí ọgbọ̀n ẹyọ sínú Ghana-Must-Go, ẹ fi owó díẹ̀ dúró, ẹ gbé e lọ bá Màmá nílé. Èyí tí wọn ò bá mú, ẹ dá a padà kí ọjà tó tú. Mo ń ṣe é fún àwọn tí mo mọlé wọn. Ẹni tó ti ń ná owó yín fún ọdún mẹ́ta ò gbọdọ̀ kọ̀.

Aránṣọ Mushin:

Ṣé ẹ ti bi Màmá fúnra wọn? Ìyá tèmi, bí ẹ bá gbé ọjà wá bá wọn nílé, ẹ ti bú wọn nìyẹn.

Bẹ̀rẹ̀-kí-o-mú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo padà dé. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé aṣọ wá ká àwọn mọ́lé, ìta ni yóò bá ara rẹ̀. Wọ́n ní àpótí làwọn ń fẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé àpótí láti ilé. Ọlọ́jà yà wọ́n sọ́tọ̀ níwájú òkìtì gan-an, ó tún fi búrẹ́là ṣíji bò wọ́n. Ni Màmá bá na ọ̀pá: "Fa pupa yẹn. Kì í ṣe pupa yẹn, pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yí inú rẹ̀ síta." Àwa mẹ́rin di ọmọ kíláàsì. Kódà obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ fún wọn, ó ní òun náà ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò tún sọ̀rọ̀ ìdì.

Ohun tí Màmá rà ni kí ẹ gbọ́: kóòtù ìgbà òtútù! Dúdú, aṣọ inú rẹ̀ pupa, 3,000 náírà. Wọ́n ní fún òjò oṣù keje ni. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀wà, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, wọ́n bá tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan tó ti ṣá, àti owó pọ́n-ùn kan. Wọ́n ní àwọn ti jèrè, kí Ọmọ Èkó ní Lọ́ńdọ̀nù bá àwọn ṣírò rẹ̀ sí náírà.

Ọmọ Èkó ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ní kí Màmá ní sùúrù díẹ̀ o. Ṣé róbótó ni owó náà, àbí ó nígun? Igun méjìlá ni pọ́n-ùn tuntun ní. Wọ́n ti fòpin sí níná èyí tó rí róbótó láti oṣù kẹwàá ọdún 2017.

Bẹ̀rẹ̀-kí-o-mú:

Róbótó ni. Ta ni yóò sọ fún wọn?