Bí a ṣe lè dá ẹgbẹ́ àṣà àwọn ará Gúúsù Éṣíà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀

Akọ̀wé Àdúgbò (Àjàṣẹ́):
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), àwọn ìdílé mélòó kan tí wọ́n ti Íńdíà, Pakístàn àti Bàǹgíládẹ́ṣì wá ń gbé láàárín wa. Àwọn ọmọ wọn ń bá àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ìwé kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ èdè Gùn àti Yorùbá ju àwọn òbí wọn lọ. Àwọn òbí náà ti bẹ ẹgbẹ́ àdúgbò wa pé kí a bá wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé àṣà ilẹ̀ wọn lárugẹ, tí onílé àti àlejò yóò sì lè jọ kópa nínú rẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn kan ní Díwálì ni kí a ṣe, àwọn mìíràn ní Iléyá ni tiwọn, àwọn ọmọ ìlú sì ń kùn pé ìjókòó wòran nìkan ni yóò kàn wá. Ọjọ́ wo ni kí a mú, kí ni kí a ṣe lọ́jọ́ náà, ta ni ó sì yẹ kí ó darí ẹgbẹ́?

Ìyá Olùkọ́ (Kétu):
Ẹ kú ìsapá, Akọ̀wé. Díwálì jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Jáìnì àti Síìkì ń ṣe, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí ó wá láti Lahore ní Pakístàn kì í sábà pè é ní ọdún òun, bẹ́ẹ̀ ni Iléyá kì í ṣe ti Híńdù. Èyí tí mo rí pé ó gba ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra ni àárín oṣù kẹrin. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni ọdún tuntun Bàǹgíládẹ́ṣì tí wọ́n ń pè ní Pohela Boishakh, tí Mùsùlùmí àti Híńdù ti ń jọ jáde. Nǹkan bí àkókò yẹn náà ni àwọn Támílì, àwọn Sìnhálà ti Sri Lanka àti àwọn ará Nepal ń bọ́ sínú ọdún tuntun tiwọn, tí àwọn Síìkì sì ń ṣe Vaisakhi ní Punjab, ilẹ̀ tí ààlà 1947 là sí méjì láàárín Íńdíà àti Pakístàn.

Ohun tí ó wú èmi ọmọ Kétu lórí jù ni ti Dhaka, olú ìlú Bàǹgíládẹ́ṣì. Láti 1989 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ibẹ̀ ti ń gbé ìbòjú ńláńlá àti ère ẹyẹ, ẹja àti ẹkùn jáde ní òwúrọ̀ ọdún tuntun yẹn, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń tẹ̀ lé wọn. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ìwọ́de náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2016, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní 2008. Ẹ pe agbẹ́gilére kan láti ọ̀dọ̀ wa kí ó kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ (èyí tí a ń gbẹ́ fún títà ni mò ń wí o, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti ìyá wa), kí àwọn ará Bàǹgíládẹ́ṣì sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọparun àti bébà ṣe tiwọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kún fún iṣẹ́ kò ní ráyè kùn pé wòran ni òun. Ẹ má gbàgbé àtíbàbà, nítorí òjò lè dé nígbà náà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Mo fara mọ́ oṣù kẹrin tí Ìyá wí, àkókò ìkórè kajú sì ni lọ́dọ̀ wa. Àwọn oníṣòwò Íńdíà máa ń wà ní agbègbè wa nígbà náà, ṣùgbọ́n nídìí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kajú nìkan ni a ti mọ̀ wọ́n. Ẹgbẹ́ yín lè mú kí a mọ̀ wọ́n níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí ẹ fojú sí gidigidi. Ọ̀pọ̀ Híńdù kì í jẹ màlúù, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn Jáìnì kì í jẹ ẹran rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í jẹ àlùbọ́sà. Bí ẹ bá se ẹran, ẹ ti pín àwọn ènìyàn yín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì dín àkàrà. Àwọn ará gúúsù Íńdíà ní ohun tí wọ́n ń pè ní vada: wọ́n á rẹ ẹ̀wà kékeré kan tí wọ́n ti bó, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dá ihò sí i láàárín, wọ́n á sì jù ú sínú òróró gbígbóná. Ẹ gbé agbada méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ìyá alákàrà kan láti ọjà Wàǹdó jókòó ti ọ̀kan, kí ìyá onívada jókòó ti èkejì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ sì súnmọ́ wọn. Àkàrà tí kò ní àlùbọ́sà gbọ́dọ̀ wà nínú àwo tirẹ̀.

Ní ti ìdarí, àwọn tí wọ́n ni àṣà ni kí wọ́n ṣe alága, kí ipò náà máa yí láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, kí akápò jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ má gba gbogbo owó lọ́wọ́ olówó kan ṣoṣo, nítorí òun ni yóò mú ọjọ́, òun náà ni yóò yan onílù.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́):
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọjọ́ àpapọ̀ dára, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a fi Díwálì àti Iléyá sílẹ̀ nítorí kí àlàáfíà lè wà. Àwa Àgùdà, ọmọ àwọn tí wọ́n padà dé láti Brazil, ní Kìrìsìtẹ́nì, a sì ní Mùsùlùmí. Ẹ wo ojú Mọ́sálásí Ńlá wa tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Nígbà tí Buriyan, eré ìbòjú wa, bá jáde fún ọdún Bonfim, ọdún Kátólíìkì tí a mú ti Brazil wá, ní oṣù kìíní, ìdílé wa láti ẹ̀sìn méjèèjì ló ń jó, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí a yọ ìsìn Máàsì ti ṣọ́ọ̀ṣì kúrò. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ṣe ọdún rẹ̀ bí ó ti rí gan-an, kí ó sì ṣílẹ̀kùn fún aládùúgbò.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Àwòrán Íńdíà ti wọ ojúbọ ní etíkun wa kí àwọn ìdílé wọ̀nyí tó dé. Àwòrán obìnrin apejò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ojú Mami Wata, òrìṣà omi, Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láàárín 1880 sí 1890, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní Bombay ní Íńdíà ní 1955 fún àwọn oníṣòwò Kumasi ní Gánà. Bákan náà ni àwòrán àwọn òrìṣà Híńdù bíi Lakshmi àti Shiva di ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn Vodun ń rà, tí wọ́n sì ń fún ní ìtumọ̀ tiwọn. Àwọn kan nínú àwọn àlejò wa lè yọ̀ sí i, àwọn mìíràn lè bínú pé a yí ohun ọ̀wọ̀ wọn padà. Kí ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ni mo fẹ́; bí onílé ojúbọ bá gbà, kí wọ́n lọ wò ó.

Akọ̀wé Àdúgbò (Àjàṣẹ́):
Ẹ ṣeun púpọ̀. A ó mú àárín oṣù kẹrin fún ọjọ́ àpapọ̀, a ó sì jẹ́ kí àwọn onídíwálì àti àwọn oníléyá gba àlejò nílé wọn nígbà tí ọdún wọn bá kò. Ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn, àwọn ìyá Híńdù ni n ó kọ́kọ́ bi léèrè kí n tó bá onílé ojúbọ kankan sọ̀rọ̀. Ìyá Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, èló ni agbẹ́gilére máa ń gbà fún ọjọ́ kan, ṣé òun ni yóò sì mú igi wá ni àbí àwa? Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ bá wa bi àwọn oníkajú bóyá wọ́n lè fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún ọjọ́ kan.