Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì olówó pọ́ọ́kú: mo ti ṣí lọ o

Ẹ kú àdúrótì o. Èmi tí mo bèèrè níjọ́sí pé ṣé kí n fi nẹ́tíwọ̀kì ńlá sílẹ̀ lọ sí èyí tówó ẹ̀ kéré, kí n sì ra fóònù tí ò wọ́n, mo ti ṣe é. Nọ́ńbà mi ò yí padà rárá. Ẹni tó ní kí n má pa láìnì àtijọ́ títí nọ́ńbà á fi kọjá sí nẹ́tíwọ̀kì tuntun tán, ẹ ṣeun gan-an, torí téèyàn bá kọ́kọ́ pa á, nọ́ńbà yẹn lè bá a lọ.

Fóònù gan-an ló fẹ́ da nǹkan rú. Èyí tó kọ́kọ́ wù mí, wọ́n ti lọ́ọ̀kù ẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì míì, bí mo ṣe ki síìmù tuntun bọ̀ ọ́ báyìí ló ń bèèrè kóòdù lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà, mo mú òmíì tó ṣí sílẹ̀, mo tẹ *#06# kí IMEI ẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) lè jáde, mo fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí sáìtì nẹ́tíwọ̀kì tuntun náà kí n tó sanwó, torí fóònù míì wà tó ní 4G àmọ́ tí VoLTE ẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G) ò bá tiwọn mu, níbi tí wọ́n bá sì ti pa 3G, ìpè lè má wọlé. RAM ẹ̀ 4GB ni. Kámẹ́rà ẹ̀ lálẹ́? Ẹ jẹ́ ó sinmi. Bátìrì ẹ̀ ṣáà ń gbé mi dálẹ́.

Òpó ilé-iṣẹ́ ńlá náà ni nẹ́tíwọ̀kì kékeré yìí ń háyà, ìpè dún ketekete, àmọ́ níbi térò bá pọ̀ sí, àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, fídíò tèmi á wá máa yí gbirigbiri. Mo fara mọ́ ọn, owó tó ń ṣẹ́kù dùn jù. Ó parí o, mo ti ti ọ̀rọ̀ yìí pa.