Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀: kí ni ọwọ́ yín máa ń bá níbẹ̀?

Olùkọ́ Anátómì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká da ọ̀rọ̀ kan síta. Ẹsẹ̀ aláìsàn kan tutù ju ìkejì lọ, ẹ̀rọ ayẹ̀wò ò sì sí nítòsí. Níbo lẹ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Ẹ má wulẹ̀ ka orúkọ iṣan fún wa. Ẹ sọ ibi tó wà, bí ẹ ṣe ń rí i, àti ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ohun tí à ń pè ní iṣan nínú èdè wa lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ti ìmọ̀lára, ó sì lè jẹ́ okùn tó ń fa egungun. Nítorí náà, iṣan-àlọ ni màá máa pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, iṣan-àbọ̀ ni èyí tó ń gbé e padà, nááfù sì ni ti ìmọ̀lára. Iṣan-àlọ ńlá inú ikùn máa ń là sí méjì ní iwájú egungun kẹrin nínú márùn-ún tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Tí ẹ bá wò ó láti iwájú, ìsàlẹ̀ ìdodo ni, ó tẹ̀ sí òsì díẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ kí òun náà tó tún là. Ọ̀kan wọ inú ìbàdí lọ bọ́ ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ẹran ìdí. Ìkejì yọ sí itan, òun ni ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbójú lé pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì

Ìdí itan ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kàn, torí pé ibẹ̀ ni iṣan náà ti tóbi jù tó sì súnmọ́ awọ jù. Ẹ wá ṣóńṣó egungun ìbàdí níwájú, ẹ wá àárín egungun òkè abẹ́, kí ẹ pín àárín àwọn méjèèjì sí ọgbọọgba. Níbi ìlàjì yẹn gan-an ni ó ti ń lù. Láti ìta bọ̀ wá sí inú, nááfù ló kọ́kọ́ wà, iṣan-àlọ tẹ̀ lé e, iṣan-àbọ̀ ló wà nínú jù.

Ẹni tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan-àbọ̀ ibẹ̀, kó fi ìka méjì di ibi tó ń lù mú, kó gún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí apá inú. Kí ẹsẹ̀ ṣí síta díẹ̀, kí orúnkún tẹ̀. Àṣìṣe tí mo kórìíra jù ni kí èèyàn gún un lókè jù. Tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá òkè ibi tí itan ti pàdé ikùn, kò sí egungun tí ẹ máa tẹ iṣan náà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa ya sẹ́yìn ikùn, ojú awọ á mọ́ lau, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á kàn máa lọ sílẹ̀. Ẹ sì gún un nísàlẹ̀ jù, iṣan-àlọ ti pín níbẹ̀, wíwú tó ń lù kìkì lè yọ síbi tí abẹ́rẹ́ wọlé.

Tí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́, ẹ tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 tó bá jẹ́ iṣan-àbọ̀, 10 ó kéré tán tó bá jẹ́ iṣan-àlọ. Ẹ má máa ṣí i wò láàárín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí ení.

Klíníìkì Ẹsẹ̀ Àtọ̀gbẹ

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yìn orúnkún ló ṣòro jù, torí iṣan-àlọ ló jìn jù nínú kòtò yẹn. Nááfù àti iṣan-àbọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún díẹ̀, kó sì tú ara sílẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ méjèèjì sí iwájú orúnkún, kí àwọn ìka tó kù pàdé lẹ́yìn, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́ egungun. Tó bá wá jẹ́ pé wẹ́rẹ́ lẹ rí i, tó fẹ̀, tó sì ń ti ìka yín síta, ẹ má yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ògiri iṣan náà ti wú, kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn orúnkún kejì wò àti inú ikùn pẹ̀lú.

Ní òkè ẹsẹ̀, níbi tí okùn bàtà máa ń wà, ẹ ní kí aláìsàn gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè. Okùn kan á yọ. Ẹ gbé ìka lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ọmọ ìka kejì, kí ẹ fọwọ́ fúyẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ líle á pa á pẹ, á wá kọ sínú fáìlì pé kò sí. Èkejì wà lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú, láàárín òun àti gìgísẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ sínú díẹ̀ kí ibẹ̀ lè dẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn le koko tí ti òkè ẹsẹ̀ ò sí lára wọn látìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ti ẹ̀yìn kókósẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ẹ má lo àtàǹpàkò ọwọ́ láti fi wá a o, lílù tiyín lẹ máa gbọ́. Tó bá ń ṣe yín ní iyèméjì, kí ẹnì kejì di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú kó máa kà á sókè. Tí èyí tí ẹ ń gbọ́ lẹ́sẹ̀ ò bá bá a mu, tiyín ni.

Níbi tí Doppler, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ ká gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan, bá wà, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wọn ìfúnpá apá méjèèjì, kí ẹ mú èyí tó ga jù. Ẹ wọn ibi méjèèjì lọ́rùn ẹsẹ̀, kí ẹ mú èyí tó ga jù níbẹ̀ náà. Ẹ wá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá jẹ́ 84 tí apá jẹ́ 140, 0.6 ni. 1.0 sí 1.4 dára, 0.9 wálẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà ti há, tó bá sì wá sí nǹkan bíi 0.4, ẹsẹ̀ wà nínú ewu. Lára àwọn alátọ̀gbẹ ni ọgbọ́n ti ń pin, torí kálísíọ́mù ti sọ ògiri iṣan wọn di bíi páìpù, ẹ̀rọ ò lè fún un pa. Ẹ lè rí 1.5 lára ẹsẹ̀ tí ọmọ ìka rẹ̀ ti ń dúdú lọ. Àwọn iṣan kéékèèké inú ọmọ ìka kì í sábà le bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìfúnpá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n fún wọn. Ẹ má sì fi báńdéèjì tó ń fún di egbò ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni láìmọ nọ́ńbà yìí. Lábẹ́ 0.8, kí dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ dá sí i kí ẹnikẹ́ni tó di nǹkan kan.

Dókítà Egungun

Ẹ ṣeun, àmọ́ mo fẹ́ tako kinní kan kí ọ̀dọ́ má baà gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń lù kò fi hàn pé ẹsẹ̀ yè.

Ẹran ìsàlẹ̀ orúnkún wà nínú àpò mẹ́rin tí ògiri wọn kì í fẹ̀. Tí egungun ojúgun bá kán, tí ara wú nínú àpò yẹn, àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn tó ń bọ́ ẹran ló kọ́kọ́ ń pa, ìfúnpá inú iṣan-àlọ ńlá ṣì borí. Ẹran á máa kú, òkè ẹsẹ̀ á sì máa lù. Ohun tó yẹ kó dá yín níjì ni ìrora tó ju ìpalára náà lọ, tí oògùn ò ràn, tó sì ń le sí i nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ yín na ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí a ti máa ń rí èyí jù nílẹ̀ wa ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fi pákó àti aṣọ dì gírígírí lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Pé wọ́n dì í kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Pé ara máa wú lọ́jọ́ kejì ni wọn ò fàyè gbà. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ dé awọ, òwú inú pẹ̀lú. Ẹ fi ẹsẹ̀ sí ìwọ̀n ọkàn, ẹ má gbé e sókè jù, torí gbígbé e sókè ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé kù. Lẹ́yìn wákàtí 6 tí ẹ̀jẹ̀ ò ti dé ibẹ̀, ohun tó kù ti ń bọ́ lọ́wọ́.

Orúnkún tó yẹ̀ náà, ẹ má fojú kékeré wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti padà sípò fúnra rẹ̀. Iṣan-àlọ ẹ̀yìn orúnkún so mọ́ ara lókè àti nísàlẹ̀, kò ráyè sá, nítorí náà ó máa ń ya. Ẹ ka lílù ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún padà kà á.

Tó bá jẹ́ ìbàdí ló fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀síwá-sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó mì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń ti inú àwọ̀n iṣan-àbọ̀ iwájú egungun ìdí wá, ẹ ó kàn tú èyí tó ti ń dì ni. Bẹ́líìtì tàbí aṣọ ìbùsùn tí ẹ ká ní kí ẹ fi dì í. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dì í sí ni kókó egungun itan méjèèjì, ní ìwọ̀n ibi tí àpò ṣòkòtò wà. Ọ̀pọ̀ ń dì í lókè jù, ní ìgbáròkó, ìyẹn kò sì pa àlàfo ibi tó fọ́ dé. Ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì sínú, kí ẹ so orúnkún pọ̀.

Agbẹ̀bí

Dókítà, ẹ kú làálàá. Iṣan-àlọ ni gbogbo yín ń sọ. Iṣan-àbọ̀ ńkọ́?

Ẹsẹ̀ òsì aláboyún ni kí ẹ máa ṣọ́. Iṣan-àlọ ìbàdí ọ̀tún gba orí iṣan-àbọ̀ ìbàdí òsì kọjá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn. Kí ilé ọmọ tún wá wúwo lé e lórí, ẹ̀jẹ̀ á dúró, á dì. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú nírọ̀lẹ́ tó sì fà láàárọ̀ kì í sábà jẹ́ èyí, àmọ́ ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dun obìnrin náà títí dé itan tàbí ìdí ni kí ẹ sáré sí. Ẹ mú teepù. Ẹ wá kókó egungun abẹ́ orúnkún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí ìyàtọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ẹ rán an lọ ṣe ayẹ̀wò ọjọ́ yẹn gan-an. Àmọ́ nígbà mìíràn inú ìbàdí ni ẹ̀jẹ̀ náà ti dì, ẹ̀yìn ojúgun ò sì tíì wú. Ẹ má tìtorí teepù dá a padà sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí wọ́ ọ o! Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ ti gbé òrí kaná. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè já, kó gba inú ọkàn bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé àbájáde kan kọ "superficial femoral vein", wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀. Superficial ṣebí lókè awọ ni, ṣé kò léwu nìyẹn?

Olùkọ́ Anátómì

Ó léwu gan-an, ọmọ mi. Orúkọ yẹn ti tan àwọn àgbà jẹ. Inú ni iṣan-àbọ̀ yẹn wà, òun àti iṣan-àlọ itan ni wọ́n jọ ń rìn. "Femoral vein" ni à ń kọ báyìí. Èyí tó wà lábẹ́ awọ lóòótọ́ ni saphenous ńlá, iṣan-àbọ̀ tó gùn jù lára èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó gba iwájú kókósẹ̀ ti inú, ó gba ẹ̀yìn orúnkún lápá inú, ó wá rì wọlé ní ìdí itan. Òun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń yọ fi ṣe ọ̀nà tuntun fún ọkàn. Wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó rán an, torí àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ò gba ẹ̀jẹ̀ láyè láti padà sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì

Kinní kékeré kan tí ẹ gbàgbé. Ibi tí ẹ bá ti rí i tó ń lù lẹ́sẹ̀, ẹ fi bírò fa × síbẹ̀, kí ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lóru kò ní í máa wá a kiri, tó bá sì dákẹ́, á mọ̀ pé ó ń lù ní aago 9.