Bẹ́ẹ̀dì oníná UV tó ń mú awọ dúdú: ìṣẹ́jú mélòó ni kò léwu?

Awọ_Tútù béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa awọ ara. Bẹ́ẹ̀dì oníná táwọn èèyàn máa ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí àwọ̀ ara wọn lè dúdú sí i ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Àwọn tó ń pa owó nídìí ẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, pé ó sàn ju oòrùn ìta lọ torí aago ló ń pa á. Wọ́n tún ní ó ń fúnni ní fítámì D, àti pé ẹni tó bá ti lò ó tẹ́lẹ̀, oòrùn etí òkun kò ní jó o. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kéèyàn fi para kó tó wọlé? Ṣé dídijú tó, àbí dandan ni awò?

Ìmọ̀_Awọ fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Kò sí iye ìṣẹ́jú tí kò léwu. UV, ìtànṣán àìrí tó wà nínú oòrùn àti iná bẹ́ẹ̀dì, ní láti kọ́kọ́ ba DNA inú awọ jẹ́ kí awọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mẹ́lánìn (ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀) tuntun, nítorí náà àmì ìpalára ni dúdú ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ní 2009, IARC, ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, fi ẹ̀rọ yìí sí ìsọ̀rí kìíní, níbi tí sìgá wà. Ọdún yẹn náà ni Brazil fòfin dè é.

Ní ti aago, ìṣẹ́jú ló ń kà, kò mọ bí iná ṣe lágbára tó. Agbára ìtànṣán tó ga jù tí ìlànà Yúróòpù gbà ni 0.3 W/m², èyí tó bá oòrùn tí atọ́ka UV rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí UV oòrùn ṣe lágbára tó) jẹ́ 12 dọ́gba. Oòrùn ọ̀sán gangan tó mú hanhan nìyẹn, a ò sì tíì sọ ti ẹ̀rọ tó kọjá òdiwọ̀n. Bákan náà, agbára gílóòbù máa ń dín kù bó ṣe ń gbó. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó kọjá lè jó o lónìí.

Ọ̀rọ̀ etí òkun yẹn ló ń dùn mí jù, torí ó ń mú kéèyàn fi ara sílẹ̀ fún oòrùn. Oríṣi UV méjì ló ń dé awọ, UVA àti UVB. UVA ló pọ̀ jù nínú iná bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí UVA ń ṣe ni pé ó ń mú mẹ́lánìn tó ti wà nínú awọ tẹ́lẹ̀ ṣókùnkùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá tuntun, kò sì mú kí awọ nípọn. UVB ló ń ṣe ìyẹn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kódà dúdú tí UVB bá mú wá, ààbò rẹ̀ kì í ju SPF (òdiwọ̀n ààbò tí wọ́n ń kọ sára ìpara oòrùn) 3 tàbí 4 lọ. UVB yìí kan náà ni ara fi ń ṣe fítámì D, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí fítámì D rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kó lo oògùn rẹ̀.

Ojú_Lalákàn fèsì:

Dídijú kò tó. Ìpéǹpéjú tín-ín-rín ju kó dènà UV lọ. Ojú lè jóná láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni á dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, tí omi á máa dà, tí kò ní lè wo iná. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, dígí inú ẹyin ojú lè ṣú (cataract). Awò tó lẹ̀ mọ́ agbárí ojú yíká, tí kò sán, ni kó lò. Awò oòrùn lásán kò ṣiṣẹ́, ìtànṣán á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ẹ tún wo oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Doxycycline, ciprofloxacin, isotretinoin tí wọ́n fi ń wo irorẹ́, àti hydrochlorothiazide tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló ń mú kí awọ tètè jó. Ìpara tó ní AHA (ásíìdì tó ń bó òkú awọ kúrò) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí èèyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Lọ́fínńdà tó ní bergamot (òróró èèpo irú ọsàn kan) àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè sọ ojú ibi tó kàn di ìléròrò.

Ní ti ohun tí wọ́n ń fi para ṣáájú: òróró kì í dáàbò boni. Ó ń dín ìtànṣán tí awọ ì bá dá padà kù, ìyẹn ni pé púpọ̀ sí i á wọlé.

Awọ_Tútù:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó ti jó ńkọ́? Ṣé ọ̀nà mìíràn sì wà fún ẹni tó kàn fẹ́ àwọ̀ náà?

Ìmọ̀_Awọ fèsì:

Jíjó náà máa ń le jù láàárín wákàtí 12 sí 24, nítorí náà kí ó má fojú di í tó bá ṣì ń ta díẹ̀díẹ̀. Omi tútù (kì í ṣe yìnyín) fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìpara aloe tí kò ní òórùn dídùn tàbí fasilíìnì, omi mímu dáadáa. Ibuprofen ń dín ìrora kù, lẹ́yìn oúnjẹ, bí kò bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín. Kó má bẹ́ ìléròrò, kó má sì fi ìpara oní-benzocaine sí i, torí ó lè gbòdì lára. Ibà, òòyì, ojú tó ń ro, tàbí ìléròrò tó gbòòrò: ilé ìwòsàn ni. Lórí awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó ń gbóná.

Lẹ́sẹẹsẹ fèsì:

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ nìkan, ìpara oní-DHA, èròjà tó ń pa awọ láró, ni kó lò. DHA máa ń bá amino acid inú òkú awọ òkè ṣiṣẹ́ pọ̀ tó fi ń pọ́n, bí èèpo búrẹ́dì ṣe ń pọ́n nínú ààrò. Kò nílò UV rárá.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ ẹ pa á, kó fá irun, kó fi kànrìnkànrìn wẹ, pàápàá ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Kó tún dán díẹ̀ wò ní abẹ́ apá. Lọ́jọ́ náà, kí ara gbẹ pátápátá. Kó fi ìpara lásán díẹ̀ pa oríkèé wọ̀nyẹn kọ́kọ́, torí awọ ibẹ̀ nípọn, ó máa ń fa DHA jù, á sì ṣú. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè, kó fi ọṣẹ fọ àtẹ́lẹwọ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá parí. Kó má kan omi fún wákàtí 6 sí 8. Á wà fún ọjọ́ 5 sí 7. Tó bá rí bí ọsàn, DHA ti pọ̀ jù fún awọ rẹ̀. 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́ gan-an. Èyí tí wọ́n ń fín séèyàn lára, kó bo ojú, ètè àti imú, torí kò yẹ kó fà á símú. Kò sì dènà oòrùn o, kó ṣì pa SPF 30 tó bá ń jáde.

Ojú_Lalákàn fèsì:

Kí n fi èyí kún un: ẹ má ra abẹ́rẹ́ tàbí omi ìfínmú Melanotan tí wọ́n ń tà fún mímú awọ dúdú, kò gba àṣẹ. Oògùn oníhóró tó ní canthaxanthin (aró tó ń yí àwọ̀ ara padà) náà, ó máa ń to kírísítálì sẹ́yìn ojú. Ẹni tó bá ti lo bẹ́ẹ̀dì rí, kó máa wo àmì ara rẹ̀ lóṣooṣù nítorí jẹjẹrẹ awọ: èyí tí apá rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, tí etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tó ní àwọ̀ méjì sí mẹ́ta, tó fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, tàbí tó ń yí padà. Èyí tó ń yí padà nìkan ti tó láti rí dókítà awọ, bí kò tiẹ̀ tóbi.