Ẹ̀rọ ìgbìn Jethro Tull: kí ló ń mú kí hóró máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láì fọ́?

OníGẹdú kọ ọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kan àwòṣe ẹ̀rọ ìgbìn ayé àtijọ́, irú ti Jethro Tull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni yóò máa gbìn, àgbàdo sì ni irúgbìn. Bí mo ṣe ṣe é rèé: kẹ̀kẹ́ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan dé èkejì. Róólà igi tó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà wà lórí ọ̀pá ìdí kẹ̀kẹ́, ó ń bá kẹ̀kẹ́ yí. Mo gbẹ́ kòtò 8 yí i ká. Àpótí irúgbìn jókòó lé róólà lórí, pákó àpótí sì fara kan róólà dáadáa kí irúgbìn má bàa jò.

Wàhálà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Hóró ń fọ́ sí méjì. Kòtò kan á kó hóró mẹ́ta, èyí tó tẹ̀lé e á kọjá lófìfo. Bí mo bá sì sún pákó àpótí sẹ́yìn díẹ̀ kí hóró má bàa fọ́, irúgbìn á kàn máa ya sílẹ̀, pàápàá tí ẹ̀rọ bá dagun.

Nínú àwòrán ẹ̀rọ Tull, mo rí nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́yìn róólà. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ fèsì:

Nǹkan pẹlẹbẹ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà. Ìyókù, káfíńtà èyíkéyìí lè kàn án.

Ahọ́n idẹ ni. Ara ọ́gáànì ṣọ́ọ̀ṣì ni Tull ti rí i. Nínú ọ́gáànì, ahọ́n kékeré kan wà tí sípíríǹgì ń tì mọ́ ojú ihò afẹ́fẹ́, kò ní ṣí àfi tí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1701, nínú oko rẹ̀ ní Crowmarsh, lẹ́bàá Wallingford, ló gbé ọgbọ́n yẹn lọ sórí irúgbìn. Róólà oníkòtò ń gbé hóró láti inú àpótí. Níbi tí kòtò ti fẹ́ jáde, ahọ́n idẹ dúró dè é, sípíríǹgì sì wà lẹ́yìn ahọ́n náà. Hóró tó bá wọ kòtò tán á gba abẹ́ ahọ́n kọjá wẹ́rẹ́. Èyí tó bá yọ orí síta á ti ahọ́n sẹ́yìn, ahọ́n á yàgò fún un, lẹ́yìn náà á padà sáyè rẹ̀. Kò sí ibi tí nǹkan líle méjì ti pàdé, ìdí nìyẹn tí hóró kì í fi í fọ́. Ahọ́n yìí kan náà ló ń dínà fún irúgbìn tí kẹ̀kẹ́ bá dúró, tí kò fi ní ya.

Ẹ wò ó báyìí: etí pákó yín àti etí kòtò ló ń ṣe bí àlùmọ́gàjí. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gé pákó kúrò níbi tí róólà ti ń jáde, kí àlàfo tó 12 mìlímítà wà láàárín pákó àti róólà. Ẹ wá fi idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ dí àlàfo náà, kó nípọn tó ìdajì mìlímítà, kó gùn tó 4 sẹ̀ǹtímítà. Òkè nìkan ni kí ẹ ti kàn án mọ́ pákó, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa mì. Kí ó tẹ̀ sí ìhà tí róólà ń yí lọ. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ róólà, ńṣe ni yóò máa ha hóró kúrò nínú kòtò. Ní ti sípíríǹgì, ẹ fi ọmọńdinrín ti ahọ́n náà. Tó bá gbà tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ó tó. Tó bá gba kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, ó ti le jù. Ẹ fi síkúrúù kan sí i tí ẹ ó fi máa dẹ̀ ẹ́ tàbí fún un. Ti Tull pàápàá ní.

Kòtò tó ń kó hóró mẹ́ta ti jìn jù. Hóró àgbàdo sábà máa ń gùn tó 11 sí 12 mìlímítà, ó máa ń fẹ̀ tó 8 sí 9, ó sì máa ń nípọn tó 4 sí 5. Kí kòtò gùn ní 13, kó fẹ̀ ní 10, kó má jìn ju 5 lọ. Tó bá ti di 8, hóró méjì á gun ara wọn níbẹ̀. Ẹ yọ hóró orí àti ti ìdí ṣùkù àgbàdo kúrò kí ẹ tó kó irúgbìn sínú àpótí, torí àwọn wọ̀nyẹn máa ń rí róbótó, wọn kì í wọ kòtò bíi ti àárín.

Kòtò tó ń lọ lófìfo kì í ṣe ẹjọ́ róólà. Bí èèyàn bá ń rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, róólà yín ò ní yí ju nǹkan bí ìgbà 32 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Hóró ráyè wọlé. Inú àpótí ni ẹ wò: bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ jù, hóró á so mọ́ra wọn bí afárá, abẹ́ afárá yẹn á sì ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ àpótí dagun dáadáa, kí ẹ fi yanrìn pépà yọ́ inú rẹ̀.

PoroTítọ́ fèsì:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ, àmọ́ ẹ má fi gbogbo oyè náà lé Tull lórí. Àwọn ará Bábílónì ti so àrọ mọ́ ohun ìtúlẹ̀, èèyàn kan á máa ju irúgbìn sínú àrọ bí màlúù ṣe ń fà á lọ. Ọwọ́ èèyàn ni òṣùwọ̀n. Ní Ṣáínà, láyé Ọba Wu ti ìdílé Han, ìyẹn ṣáájú ìbí Jésù, Zhao Guo tó jẹ́ olórí ètò ọ̀gbìn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní louche. Ẹsẹ̀ náà ṣófo nínú, irin ṣóńṣó wà lẹ́nu wọn, àpótí irúgbìn wà lókè. Màlúù kan ló ń fà á. Ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú á máa mì í sọ́tùn-ún sósì kí irúgbìn lè máa ṣàn. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń wọn irúgbìn fún un, apá ẹni tó ń mì í ló ń wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀, ìtàn wọn ní ó ń gbin nǹkan bí héktà mẹ́rin ààbọ̀ lóòjọ́.

Ohun tí Tull fi kún un ni pé kẹ̀kẹ́ ló ń pinnu. Bó o sáré, bó o rọra, iye irúgbìn tó ń já bọ́ lórí mítà kan ò yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí OníGẹdú rò wò ni ṣíbí. Locatelli ti ṣe é ní Austria ní 1663: ó kan ṣíbí kéékèèké sára róólà. Róólà ń yí nínú irúgbìn, ṣíbí ń bu hóró, ó ń gbé e gòkè, ó sì ń dà á sínú àrọ ní òdìkejì. Ní 1782, àlùfáà kan tó ń jẹ́ James Cooke gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gíà ló fi gba agbára láti ara kẹ̀kẹ́. Ọgbọ́n yìí ló wá gbalẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbìn Suffolk, tí James Smyth bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Peasenhall ní nǹkan bí ọdún 1800. Kò sí ohun tó ń fún hóró níbì kankan, nítorí náà kò nílò ahọ́n rárá.

Àléébù rẹ̀ ni òkè. Bí ẹ̀rọ bá ń gun òkè, irúgbìn á wọ́ sí ẹ̀yìn àpótí, ṣíbí á sì máa bu àbùjù tàbí àbùtì. Bí ọ̀nà bá rí págunpàgun, ṣíbí á gbọn hóró nù kó tó dé àrọ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ló bá a lára mu.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ fèsì:

Fún àlìkámà, mo gbà. Fún àgbàdo, tí ẹ ń fẹ́ hóró kan ní àyè kan, ṣíbí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Kòtò ni kó lò.

OníGẹdú kọ ọ́:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ahọ́n idẹ sí i, mo sì ti tún kòtò gbẹ́. Lórí tábìlì, hóró ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Nínú ilẹ̀ ńkọ́? Méjì á sún mọ́ra bí ìbejì, lẹ́yìn náà àlàfo gbọọrọ. 25 sẹ̀ǹtímítà ni mo fẹ́ láàárín hóró méjì.

Òṣùwọ̀n fèsì:

Páìpù tí hóró ń gbà láti ara róólà bọ́ sínú ilẹ̀ ló fà á. Ẹ ò sọ bó ṣe ga tó, àmọ́ mo lè fi ọkàn wò ó pé ó fẹ̀. Hóró tó bá já bọ́ sínú páìpù fífẹ̀ á máa gbá ara ògiri páìpù lọ́tùn-ún lósì kó tó délẹ̀. Èkejì á bọ́ tààrà. Bí ọ̀kan bá fi ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju èkejì lọ, tí ẹ sì ń rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, 10 sẹ̀ǹtímítà nìyẹn ti fi ṣáko lọ. Ẹ lo páìpù tí inú rẹ̀ kò ju 25 mìlímítà lọ, kó dán, kó má ní oríkèé. Ẹ sọ róólà kalẹ̀ bó bá ti lè sún mọ́ ilẹ̀ tó. Kí ẹnu páìpù tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó má ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ sókè ìsàlẹ̀ poro.

Ní ti 25 sẹ̀ǹtímítà: kẹ̀kẹ́ yín, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, 188 sẹ̀ǹtímítà ló rìn. Pín in sí 8, ó di 23 ààbọ̀. Ẹ má tíì yọ kòtò kan kúrò o, torí kòtò 7 á gbé e dé nǹkan bíi 27. Kẹ̀kẹ́ máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, á fà gbururu láì yí. Bó bá yọ̀ ní ìdá 6 nínú 100, 23 ààbọ̀ yẹn á di 25 gẹ́lẹ́. Ẹ kan ìṣó olórí ńlá tàbí irin pẹlẹbẹ mọ́ etí kẹ̀kẹ́ kó lè máa di ilẹ̀ mú. Kí ẹ wá fi okùn wọn 20 mítà lóko, kí ẹ ka iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yí. Ó yẹ kó jẹ́ ìgbà 10 àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ 9, ó ń yọ̀ jù.

Ẹ yẹ òǹkà wò kí ẹ tó jáde nílé: ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ yí i ní ìgbà 50, kí ẹ gba hóró sínú abọ́. 400 ló yẹ kó jẹ́. Láti 390 dé 410, ẹ máa lọ. Bó bá dín ní 380, kòtò ń ṣófo. Bó bá ju 420 lọ, ahọ́n ti dẹ̀ jù. Bí ìlà sí ìlà bá jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà, hóró kan ní 25 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ó rí nǹkan bí 53,300 hóró lórí héktà kan.

Abẹ irin tó ń la ilẹ̀ níwájú páìpù ló kù. Kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó la poro tó jìn ní 4 sí 5 sẹ̀ǹtímítà. Abẹ tó fẹ̀ á ju ilẹ̀ síta, hóró á sì máa yí nínú poro. Ohun tó ń ba ti gbogbo èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n máa ń ti ẹ̀rọ sẹ́yìn nígbà tí abẹ ṣì wà nínú ilẹ̀. Erùpẹ̀ á dí ẹnu páìpù pátápátá, ẹ ó sì gbin ìlà kan odindi láìsí hóró kan nínú ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí yóò hù. Ẹ gbé e sókè kí ẹ tó yí i padà, kí ẹ sì máa wo ẹnu páìpù ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan.

ÀgbàdoFunfun fèsì:

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ àgbàdo lẹ ń gbìn, ẹ wo ti Amẹ́ríkà náà, torí àlìkámà, turnip tí wọ́n ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, àti koríko ẹran sainfoin ni Tull ń bá yí. Henry Blair, ọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Maryland, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgbìn àgbàdo ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1834, ó sì tún gba ti òwú ní 1836. Kò mọ̀wé kọ, àmì X ló fi buwọ́ lùwé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń la poro, ó ń ju hóró sínú rẹ̀, ó sì ń wọ́ erùpẹ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ni George Brown ní Galesburg, Illinois, ní 1853. Ìlà méjì ni tirẹ̀, ẹṣin ló ń fà á. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ kí àgbàdo tò lóròó tò níbùú, kí ẹṣin lè gba ìhà méjèèjì roko. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi ìlà sí ilẹ̀ níbùú, ẹnì kan á jókòó sórí ẹ̀rọ, á sì máa fa ọ̀pá ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dé orí ìlà. Bó bá sùn, ó bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó wá lẹ́yìn ta wáyà oníkókó la oko já, kókó sí kókó jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, kókó náà ló sì ń fa ọ̀pá.

OníGẹdú kọ ọ́:

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n fi òróró kun róólà igi náà? Láàárọ̀ ó máa ń gan, ní ọ̀sán á dẹ̀.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ fèsì:

Ìrì ló ń wú u. Lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ Tull ṣòroó tàn kálẹ̀ nìyẹn: igi ń wú, ó ń sún, idẹ ń tẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó lè tún un ṣe sì ṣọ̀wọ́n lábúlé. Ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti tú kúnná dáadáa.

Igi líle tó ti gbẹ tán ni kí ẹ lò, ìrókò tàbí apá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró línsíìdì gbígbóná ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbẹ́ kòtò sí i. Tí ẹ bá ti gbẹ́ kòtò kí ẹ tó rẹ ẹ́, ìwọ̀n á yí padà. Kí àlàfo mìlímítà kan wà láàárín róólà àti ẹ̀gbẹ́ àpótí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má fi gírísì sí i nítòsí irúgbìn o. Eruku àgbàdo á pò mọ́ ọn, á di bí àmàlà, á sì dí kòtò.