Omi ń dúró sórí oko mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà. Éékà méjì ni mo fi gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á dúró sínú poro fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo ti ń pọ́n, ẹ̀gẹ́ tí mo hú wò lánàá ti ń rà, ó ń rùn. Ẹnìkan ní kí n gbé katakata wá gbẹ́ kòtò ńlá la oko já. Owó rẹ̀ ò kéré. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáOníkókò: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má tíì gbẹ́ nǹkan kan. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, wọ bàtà òjò, lọ wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Tèmi, ojú títì ló ti ń ya wá. Kòtò tí kò jìn ju orúnkún lọ ni mo gbẹ́ sí apá òkè oko, òun ló darí ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan àárín oko rárá.

BàbáEléBè: Ohun tí Ìyá sọ ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, wo ebè rẹ. Bó bá tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tààrà, omi á gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Bó bá dábùú pátápátá, omi á há. Kó dábùú, kó sì tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ínǹṣì kan láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Igi mẹ́ta ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: mo kan méjì pọ̀ lórí, mo fi ẹ̀kẹta dábùú wọn, mo so òkúta mọ́ okùn láti òkè. Bí okùn bá bọ́ sórí àmì tí mo fi sí àárín igi ìdábùú, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba nìyẹn. Níbi tí poro parí sí, má ro koríko ibẹ̀, kí omi rọra gba orí ẹ̀ kọjá.

Awakatakata: Ẹ fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ wò. Bí a bá ń túlẹ̀ sí ìwọ̀n jíjìn kan náà lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ á le gbagidi, omi ò ní lè mu. Bí irin bá ń dúró síbì kan náà káàkiri oko, ẹ̀ẹ̀rùn ni ká fi irin gígùn já a. Bí a bá wọ ọ́ nígbà tó tutù, à ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sí i ni.

ÌyáOníkókò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sórí oko aládùúgbò o! Irú ẹ̀ dé iwájú baálẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́ títí dòní. Kọ̀rọ̀ tó bá rẹlẹ̀ jù, kókò ni kó o gbìn síbẹ̀, tàbí ìrẹsì. Irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ỌmọÀgbẹ̀: Àgbàdo tí ewé ẹ̀ ò tíì pé mẹ́fà, inú ilẹ̀ ni ọkàn ẹ̀, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ṣì wà, ìyẹn ló fi ń tètè kú sómi. Èyí tó ti dàgbà, ẹ fi ajílẹ̀ yùríà díẹ̀ sí i bí omi bá fà tán. Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì rà, ẹ yára fi ṣe gàrí.

Àgbẹ̀Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi irin gún ibi mẹ́wàá láàárọ̀ yìí, ó wọlé ní mẹ́sàn-án, nítorí náà ilẹ̀ ò le. Òjò ọ̀sán wá fi hàn mí: ọ̀nà tí màlúù ń gbà lápá òkè ló ti di odò, oko mi ló ń já sí. Mo ti bá ẹni tó ni oko ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní Sátidé, àwa méjèèjì la jọ máa rin ibẹ̀ kí n tó gbé ọkọ́.