Re: Àkóràn olú ẹ̀dọ̀fóró: èwo ni ti "ràn"?

Láti ọ̀dọ̀: Ará Yàgbà

Okun o, gbogbo ilé. Mo ka ìwé ìléwọ́ ìlera tí ẹ̀gbọ́n wa Ọmọ Ìjùmú fi ránṣẹ́ síbí, níbi tí wọ́n ti pe àìsàn tí olú (fungus) ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró ní "àkóràn olú". Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Ràn" tó wà nídìí àkóràn yìí náà ni ti iná ràn, ti àrùn ràn mí: ó kúrò lára ẹnì kan, ó bọ́ sára ẹlòmíràn. Histoplasmosis, ọ̀kan nínú àìsàn olú ẹ̀dọ̀fóró wọ̀nyí, kì í ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in kò lè wúkọ́ kó fi ran ìyàwó rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti ń wá, pàápàá ibi tí ìgbẹ́ àdán tàbí ìgbẹ́ ẹyẹ ti pẹ́ sí. Bí wọ́n bá gbá a ní gbígbẹ, eruku á gbéra, èèyàn á mí i sínú.

Ẹ wo ohun tí orúkọ yẹn máa dá sílẹ̀ ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà. Bí nọ́ọ̀sì bá ti pe "àkóràn" báyìí, wọ́n á ya ife aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n á ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ bíi ti oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Òkè àjà tí àdán ń gbé, ibi tí ewu wà gan-an, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó. Omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n sí ìgbẹ́ náà kó rin gbingbin kí wọ́n tó kó o, pẹ̀lú ìbòmú N95. Aṣọ tí a kàn so mọ́ imú kò lè dí eruku yẹn.

Ìwé náà tún ní kí gbogbo ẹni tó bá ní in lo oògùn. Rárá o. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀, tí ibà àti ikọ́ gbígbẹ mú níwọ̀nba, a kì í sábà fún un ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ á ṣẹ́gun rẹ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 4 tí kò lọ, itraconazole, oògùn tó ń pa olú, ni: 200 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà 200 mg lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Oníkápúsù, pẹ̀lú oúnjẹ tó kúnnú ni. Olómi, inú òfìfo. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ásíìdì inú ló ń yọ́ kápúsù náà, nítorí náà ẹni tó ń lo omeprazole, tó ń dín ásíìdì kù, fún ọgbẹ́ inú lè lò ó títí kó má ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n sì ti gbé sórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, rifampicin tó wà nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà á ti jẹ itraconazole run lára rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Bí èémí bá ń há, ó di ti ọsibítù. Amphotericin B tí wọ́n fi ọ̀rá wé, oògùn olú mìíràn, ni wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, 3 sí 5 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2, kí wọ́n tó bọ́ sórí itraconazole títí ọ̀sẹ̀ 12 á fi pé. Kí wọ́n máa yẹ kídìnrín àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ wò léraléra.

"Àrùn olú àmísínú" ni kí ẹ kọ.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Ìjùmú

Àbúrò, okun. "Ràn" nìkan lo tẹjú mọ́, o fi "kó" sílẹ̀. Ẹni tó wẹ odò ẹlẹ́gbin a máa kó àrùn, a kì í bi í pé ta ló ràn án. Nínú ẹ̀kọ́ mọfọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, tí mo fi jẹun, "kó" ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn ró. Àti pé ta ló ń "mí nǹkan sínú" nílẹ̀ yìí? À ń fà á símú ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ti oògùn: ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti gbẹ́ ihò sí lẹ́dọ̀fóró, tí Aspergillus, irú olú mìíràn, wá tẹ̀dó síbẹ̀, itraconazole 200 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, oṣù 6 ó kéré tán. Fluconazole, oògùn olú tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, kò lè ṣe Aspergillus ní nǹkan kan.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Òwé

Áṣáà la máa ń fà símú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì tiẹ̀ ti fo ìṣòro gan-an. Olú ni èyí tí àwọn ìyá wa ń ká lórí ọ̀gán tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Èyí tó bo búrẹ́dì àná, wọ́n á ní ó ti bu. Mi ò gbọ́ lẹ́nu àgbà Kàbbà kankan rí pé olú hù lára búrẹ́dì. Ẹ padà sí "bu".

Láti ọ̀dọ̀: Ará Yàgbà

Oúnjẹ ló ń bu, ẹ̀dọ̀fóró alààyè kì í bu. Mo ṣì dúró lórí "ràn". Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ìpínrọ̀ tó ní kí gbogbo èèyàn lo oògùn yẹn, ẹ yọ ọ́ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Orúkọ lè dúró de àríyànjiyàn wa.